Hoskin, Ẹni Tí Ó Pe Ara Rẹ̀ Ní Ọmọ Tìbẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní Gwagwarwa àti ní Sabon Gari, ní ìlú Kánò, bí ọmọ yín bá ń ka ìwé ìtàn aláwòrán nípa àwọn akọni, ó lè pàdé Doctor Strange, tí Stan Lee àti Steve Ditko gbé jáde ní ọdún 1963. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni. Ìjàǹbá ọkọ̀ ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì lọ kọ́ awo lọ́dọ̀ arúgbó kan ní Tìbẹ́ẹ̀tì, láàárín àwọn òkè Himaláyà. Eré ni èyí, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ti sọ irú eré bẹ́ẹ̀ di ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀.

Cyril Henry Hoskin ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1910 ní Plympton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníṣẹ́ páìpù omi ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1956, ó gbé ìwé The Third Eye jáde, ó sì pe ara rẹ̀ ní Lobsang Rampa. Ó ní ọmọ ọlọ́lá ìlú Lhasa ni òun, àti pé àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà lu ihò sí iwájú orí òun, kí òun lè máa rí ohun tí ojú lásán kò rí. Ìwé náà tà púpọ̀púpọ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n mọ Tìbẹ́ẹ̀tì dunjú fura sí i. Wọ́n bẹ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, Clifford Burgess, lọ́wẹ̀. Ní ọdún 1958, àṣírí tú pé Hoskin kò dé Tìbẹ́ẹ̀tì rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ọdún méjì péré ni ti Hoskin. Síbẹ̀ kò jẹ́wọ́. Ó ní ẹ̀mí àlùfáà Tìbẹ́ẹ̀tì kan ni ó wọ ara òun, ó sì tún kọ ju ìwé mẹ́wàá lọ kí ó tó kú ní Calgary, ní ilẹ̀ Kánádà, ní oṣù kìíní ọdún 1981.

Ní ọdún 1959, Dalai Lama àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn rẹ̀ sá kúrò ní Tìbẹ́ẹ̀tì lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ni ìtàn, ṣùgbọ́n ti Hoskin ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń rà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi mọ bí ó ti ń dunni tó kí àjèjì máa pìtàn ìlú ẹni ní òdì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ka ìwé aláwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu ara yín pìtàn Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin fún un. Bí onílé bá dákẹ́, ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí ni yóò máa ṣe bí onílé.