John Bunyan, Alágbẹ̀dẹ Idẹ Ìlú Bedford

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ti gbúròó ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, tàbí tí ó ti kà á. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ó mọ irú ẹni tí ó kọ ọ́ àti ibi tí ó wà nígbà tí ó ń kọ̀wé.

Ní ọdún 1628 ni a bí John Bunyan ní Elstow, ìletò kan tí ó súnmọ́ ìlú Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Thomas, bàbá rẹ̀, a máa tún ìkòkò àti agbada onídẹ tí ó ti lu ṣe, iṣẹ́ tí àwọn ọlọ́lá kò kà sí nǹkan. Iṣẹ́ náà ni ọmọ sì jogún. Wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀. Ó mọ ìwé kà, ó mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí. Kí àwa tí a ń fi ìwé-ẹ̀rí yangàn fi èyí sọ́kàn.

Ní ọdún 1644 ni ìyá rẹ̀ kú, arábìnrin rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Kí ọdún náà tó parí, bàbá rẹ̀ ti gbé ìyàwó mìíràn, ọmọ ọdún 16 náà sì ti wọ iṣẹ́ ológun lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ogun Ilé Aṣòfin tí ń bá ọba jà. Nígbà tí ó padà dé, ó gbéyàwó. Tálákà pọ́nńbélé ni àwọn méjèèjì. Ẹrù tí ìyàwó gbé wá sílé ọkọ kò ju ìwé ìsìn méjì lọ, tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ìwé méjì yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọkàn Bunyan láàmú. Ọdún púpọ̀ ni ó fi wà nínú ìrora ọkàn, tí ó ń rò pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí iṣẹ́ mú un dé Bedford, ó bá àwọn obìnrin tálákà bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jókòó sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú ọkàn wọn. Ó dúró gbọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá òye rẹ̀. Àwọn ni ó mú un dé ọ̀dọ̀ John Gifford, olùṣọ́-àgùntàn wọn, àti sínú ìjọ tí òun fúnra rẹ̀ wá ń wàásù fún lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1660 Charles Kejì padà sórí ìtẹ́, òfin àtijọ́ sì tún jí dìde mọ́ àwọn tí ń pàdé fún ìsìn lẹ́yìn Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún náà, Bunyan fẹ́ wàásù ní Lower Samsell. Wọ́n ti ta á lólobó pé wọ́n ń bọ̀ wá mú un. Ó lè sá. Kò sá, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn kò tíì lágbára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyí: kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n wà lẹ́nu òun tìkára rẹ̀. Bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní wàásù mọ́, yóò padà sílé. Ọmọ mẹ́rin ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1658. Mary, àgbà wọn, kò ríran. Elizabeth, ìyàwó kejì, wà nínú oyún nígbà tí ìròyìn náà dé etí rẹ̀. Ìpayà mú un rọbí ṣáájú àkókò, ọmọ náà sì kú. Síbẹ̀ ní ọdún 1661 obìnrin yìí dìde, ó tọ àwọn adájọ́ lọ ní Bedford, ó sì bá wọn rojọ́ lójúkojú láàrin àwọn ọlọ́lá. Adájọ́ Matthew Hale ṣàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tèmi, bí a bá ń pín ìyìn, ti Elizabeth kò gbọdọ̀ kéré sí ti ọkọ rẹ̀, nítorí òun kò yan ẹ̀wọ̀n náà, ó sì bá a ru ú.

Ọdún 12 ni Bunyan fi wà níbẹ̀. Ó ń ṣe okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi irin dì lẹ́nu, irú èyí tí wọ́n fi ń so aṣọ àti bàtà, kí wọ́n lè tà á fún oúnjẹ àwọn ará ilé rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò ríran náà ni ó dun òun jù lọ. Ibẹ̀ náà ni ó ti kọ ìtàn ìyípadà ara rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1666. Ní 1672 ọba dá òfin náà dúró, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ìjọ Bedford ti fi í ṣe olùṣọ́-àgùntàn wọn.

Nígbà tí ó fi ìwé ńlá rẹ̀ han àwọn ọ̀rẹ́, àwọn kan ní kí ó tẹ̀ ẹ́, àwọn kan ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n rí i bí àlọ́ lásán. Ó tẹ̀ ẹ́ ní 1678. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí ó di ẹrù wíwúwo sẹ́yìn, tí ó sá kúrò ní ìlú tí ìparun ń bọ̀ wá bá, tí ó ń lọ sí ìlú ọ̀run. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ka ibi tí èrò náà gba ọjà kan kọjá, níbi tí a ti ń ta ilé, ilẹ̀, oyè, ìjọba àti ọkàn ènìyàn pàápàá. Ayé lọjà, ọ̀run nilé, ni àwọn bàbá wa wí. Alágbẹ̀dẹ yìí fi ìtàn gígùn kan sọ ohun kan náà, láìmọ̀ pé Yorùbá wà. Kí ó tó kú, a ti tẹ ìwé náà ní ìgbà 11. David Hinderer, ará Jámánì tí Ìjọ C.M.S. rán wá, tí ó tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti tọ́ka sí ipa rẹ̀ nínú ìwé D. O. Fagunwa, tí àwọn akọni rẹ̀ náà ń rin ìrìn-àjò eléwu.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1688, Bunyan gun ẹṣin lọ sí Reading láti parí ìjà láàrin bàbá kan àti ọmọ rẹ̀. Ó parí rẹ̀. Òjò pa á lọ́nà Lọ́ńdọ̀nù, ibà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù náà ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń ta oúnjẹ ọ̀jà. Ní Bunhill Fields ni a sin ín sí. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀ ni ó ti kọ ìwé òfin tí ó fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún Elizabeth, kí ìjọba má baà gbà á bí inúnibíni bá tún dé. Ìwé rẹ̀ ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin náà, iṣẹ́ tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ idẹ.