Ibn al-Haytham: Ẹni tí ó tú àṣírí ìríran

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, onímọ̀ tí a mú wá fún yín lóṣù yìí ni Ibn al-Haytham. Ìlú Basra ní ilẹ̀ Iraq ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 965. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Káírò, Kálífà al-Hakim sì ní kí ó wá kápá omi odò Náílì. Nígbà tí ó rìn dé apá òkè odò náà, ó rí i pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe. Àwọn òpìtàn ní ìbẹ̀rù ìbínú ọba ló mú un díbọ́n bíi wèrè, tí wọ́n sì há a mọ́lé títí ìjọba al-Hakim fi dópin ní 1021.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ojú ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sára ohun tí à ń wò. Ó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ara nǹkan ni ó ń wọ ojú. Ó to fìtílà síwájú ihò kékeré tí ó wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ lára ògiri. Bí ó bá bo fìtílà kan, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń pòórá. Ó tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú Kitab al-Manazir, ìwé alápá 7. Nǹkan bí ọdún 1040 ni ó kú. Ẹ jẹ́ kí á fi í ṣe àwòkọ́ṣe: orúkọ ńlá ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kò tó ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí á dán an wò.