Julius Nyerere: Olùkọ́ Tí Kò Gba Owó Oṣù Méjì

Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá fún yín ní ọdún yìí, kí ó tó di olórí orílẹ̀-èdè.

Ní ọdún 1922 ni a bí Julius Kambarage Nyerere ní Butiama, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanganyika nígbà náà. Olóyè ni baba rẹ̀ láàrin àwọn ará Zanaki, síbẹ̀ ọmọ náà ti pé ọdún 12 kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ilé-ẹ̀kọ́. Ó kàwé ní Makerere ní Ùgáńdà, ó sì gba oyè ní Yunifásítì Edinburgh ní 1952. Nígbà tí ó padà sílé, ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà ní Pugu, nítòsí Dar es Salaam.

Ní 1954, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá TANU sílẹ̀ láti béèrè òmìnira. Kò pẹ́ tí ó fi di dandan kí ó yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ olùkọ́ àti ìṣèlú. Ní 1955 ó fi iṣẹ́ àti owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ iṣẹ́ náà kò fi í sílẹ̀: Mwalimu, èyí tí í ṣe olùkọ́ ní èdè Swahili, ni gbogbo ènìyàn ń pè é títí ó fi kú. Tanganyika gba òmìnira ní 1961, ó di ààrẹ ní 1962, ilẹ̀ náà àti Zanzibar sì di Tàǹsáníà ní 1964.

Ní oṣù kẹwàá 1966, nǹkan bí 400 akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìwọ́de lọ bá a, nítorí òfin tí ó ní kí wọ́n sin ilẹ̀ baba wọn pẹ̀lú owó oṣù tí a gé kù. Wọ́n tọ́ka sí owó gọbọi tí àwọn aláṣẹ ń gbà. Nyerere bínú, ó lé wọn kúrò ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn wọn, ó sì gé ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní oṣù kejì 1967 ni Ìkéde Arusha jáde. Láti ìgbà náà, aṣáájú ẹgbẹ́ tàbí ti ìjọba kò gbọdọ̀ ní ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ kankan, kò gbọdọ̀ jẹ́ olùdarí ilé-iṣẹ́ aládàáni, kò gbọdọ̀ gba owó oṣù méjì, kò sì gbọdọ̀ ní ilé tí ó fi ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Òfin náà de aya tàbí ọkọ aṣáájú pẹ̀lú. Maria, ìyàwó ààrẹ, ní oko adìẹ. Ó yọ̀ǹda rẹ̀. Inú àwọn kan kò dùn, àwọn mìíràn sì yàn láti fi ipò sílẹ̀ ju kí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ lọ.

Ìdí òfin náà kò fara sin. Bí onílé bá jókòó láti ṣe òfin owó ilé, ta ni yóò rò fún, ayálégbé ni tàbí ara rẹ̀? Kò dìgbà tí ó bá jí kọ́bọ̀ kí ìdájọ́ rẹ̀ tó wọ́.

Nyerere ní àṣìṣe. A fi agbára kó ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sí abúlé titun láàrin 1973 sí 1976, iṣẹ́ oko sì jìyà rẹ̀. A ti àwọn alátakò mọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Ọwọ́ mímọ́ nìkan kò tó láti ṣàkóso. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ipò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1985, oko rẹ̀ ní Butiama ni ó padà sí.

Ní 1991, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé ní Zanzibar, wọ́n sì tú ìdè òfin Arusha. Ní 1995 ni ìjọba ṣe òfin mìíràn pé kí àwọn aṣáájú máa kéde ohun ìní wọn. Nyerere kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1999, a sì sin ín sí Butiama.

Àpẹẹrẹ ẹnì kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò lè ṣọ́ ìlú lẹ́yìn tí ó bá ti lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa wo ọrùn ẹni tí ó bá ṣèlérí aṣọ, kí wọ́n sì gbà kí a wo tiwọn nígbà tí ó bá kàn wọ́n.