Sir Charles Wyville Thomson àti Àwọn Ẹja Ìsàlẹ̀ Òkun

Ó yẹ kí àwa tí a ń múra àtidi olùkọ́ mọ ìtàn ọkùnrin yìí, nítorí pé ó fi ayé rẹ̀ wádìí ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ ti gbà pé kò yẹ ní wíwádìí mọ́.

A bí Charles Wyville Thomson ní Bonsyde, lẹ́bàá ìlú Linlithgow ní ilẹ̀ Scotland, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta, ọdún 1830. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Edinburgh, ṣùgbọ́n àìlera kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Nítorí náà ó yí padà sí ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí, ó sì ṣe olùkọ́ ní Aberdeen, ní Cork àti ní Belfast.

Ní àkókò náà, ẹ̀kọ́ Edward Forbes ni àwọn ènìyàn ń tẹ̀lé. Ní ọdún 1841 àti 1842, Forbes fi àwọ̀n wọ́ ilẹ̀ Òkun Aegean, èyí tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gíríìsì àti ilẹ̀ Tọ́kì. Ó rí i pé bí omi ti ń jìn tó ni àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ń dínkù tó, ó sì parí ọ̀rọ̀ sí pé bí a bá ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 1,800, kò sí ohun ẹlẹ́mìí mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn ènìyàn létí, nítorí wọ́n mọ bí omi ti wúwo tó. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 33 péré sínú òkun, ìwúwo omi tí ó wà lórí wa ti tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa pọ̀ sí i ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 33. Ta ni yóò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí kò ní fọ́? Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òkun tí Forbes fi ṣe òdiwọ̀n yìí jẹ́ èyí tí ẹ̀dá kò pọ̀ nínú ibú rẹ̀.

Thomson kò bá òkú jiyàn. Ó wá ọ̀nà láti lọ wò ó. Ó lọ sí ilẹ̀ Norway lọ́dọ̀ Michael Sars, ó sì fi ojú rí àwọn ẹ̀dá tí Sars àti ọmọ rẹ̀ fà jáde láti inú omi jíjìn. Nígbà tí ó padà dé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Carpenter bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀. Ní ọdún 1868 a fún wọn ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tí à ń pè ní Lightning, àwọ̀n wọn sì mú ohun ẹlẹ́mìí wá láti ibi tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 3,000 lọ. Ní ọdún 1869, nínú ọkọ̀ Porcupine, ó dé ẹsẹ̀ bàtà 14,610, níbẹ̀ náà, ẹ̀dá alààyè wà. Ní ọdún 1870 a fi Thomson jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, lórí àga kan náà tí Forbes jókòó lé kí ó tó kú ní ọdún 1854.

Ní oṣù Disẹ́ńbà 1872 ó wọ ọkọ̀ Challenger gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn ọ̀mọ̀wé inú rẹ̀, wọ́n sì yí ayé ká títí di oṣù karùn-ún ọdún 1876. Ọjọ́ kan wà tí Buchanan, ẹni tí ó ń yẹ omi òkun wò nínú ọkọ̀ náà, di afẹ́fẹ́ mọ́ inú ìgò nínípọn, ó fi í sínú ọ̀pá bàbà, ó sì sọ ọ́ sínú ibú tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 12,000. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, bàbà náà ti rún, ìgò náà sì ti di lúbúlúbú bí ìyẹ̀fun. Síbẹ̀ láti irú ibú bẹ́ẹ̀ ni ẹja rírọ̀ ti ń bọ̀ wá nínú àwọ̀n.

Kí ni àṣírí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú akèrègbè méjì. Bí a bá dé ẹnu ọ̀kan ní òfìfo tí a sì rì í sínú ibú, yóò fọ́. Bí a bá pọn omi kún èkejì kí a tó rì í, kò ní fọ́, nítorí pé omi inú ń ti omi òde padà. Bẹ́ẹ̀ ni ara ẹja ibú rí. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ẹran ara rẹ̀, omi kì í sì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí ẹja mìíràn fi ń léfòó. Ọ̀rá ni ó kún inú àpò ti àwọn mìíràn. Àwọn tí ó ní afẹ́fẹ́ nínú ni ìyà ń jẹ nígbà tí a bá fà wọ́n sókè, nítorí àpò náà yóò wú títí yóò fi ti ikùn wọn yọ sí ẹnu.

Lẹ́yìn ikú Thomson ni a mọ ìyókù. Ìtẹ̀ omi a máa ba àwọn èròjà kéékèèké inú ẹran ara jẹ́, ṣùgbọ́n ẹja ibú ní èròjà mìíràn tí ń dáàbò bò wọ́n. Láti inú èròjà yìí ni òórùn ẹja tí ó ti ń bàjẹ́ ti ń jáde. Bí ibú ti jìn tó ni èròjà náà ń pọ̀ tó nínú ẹja, ó sì dàbí ẹni pé ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 27,000 ni ó dé òpin agbára rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1875, okùn Challenger sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 26,850 ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Guam. Níbẹ̀, ìwúwo tí ó wà lórí ibi tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ju ti ènìyàn mẹ́wàá lọ. Nínú ọ̀gbun kan náà ni a ti rí ẹja kékeré kan tí kò ní ìpẹ́, tí egungun rẹ̀ sì rọ̀. Ní ọdún 2017 a sọ ọ́ lórúkọ Herbert Swire, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá atukọ̀ Challenger.

A fi oyè Sir dá Thomson lọ́lá ní ọdún 1876, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti tán an lágbára. Àrùn kọlù ú ní ọdún 1879, ó sì kú ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, ọdún 1882, ní ẹni ọdún 52. John Murray ni ó parí ìwé ìrìn àjò náà. Ó di ìdìpọ̀ 50, èyí tí ó kẹ́yìn sì jáde ní ọdún 1895.

Forbes kì í ṣe òpùrọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó sọ ohun tí ó rí, ó sì fi ohun tí kò rí kún un. Fún nǹkan bí ọdún 25 ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní àfikún yẹn gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Láìpẹ́ àwa náà yóò dúró níwájú pátákó, àwọn ọmọ yóò sì gba ohun gbogbo tí a bá kọ síbẹ̀ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n láàrin ibi tí okùn wa dé àti ibi tí kò tíì dé.