Fẹlá Ṣówándé: Ọmọ tó lọ kọ́ ẹnjiníà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó padà wálé wá di ọ̀gá orin ní rédíò

Tí ẹ bá dárúkọ Fẹlá níbikíbi ní Òṣòdì, láti abẹ́ bíríìjì títí dé Máfolúkù, Fẹlá kan ṣoṣo làwọn èèyàn máa rò pé ẹ ń wí, ìyẹn Aníkúlápó. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Aníkúlápó lọ́dún 1938 ni Fẹlá mìíràn ti ń fi orin jẹun nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Olúfẹlá Ṣówándé lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá lòun náà.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ló jẹ́ ká rántí ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n pọ̀ ní Ìsọlọ̀, Òkè-Àfà, Ajáò àti Ṣógunlè, àwọn tó ń kọ̀wé nípa olórin, tí wọ́n ń fi fóònù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn lẹ́yìn òde àríyá, tí wọ́n wá ń gbé e kiri ilé-iṣẹ́ rédíò àti ìwé ìròyìn láìsí owó oṣù kankan. Firilánsà là ń pè wọ́n. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lórí afẹ́fẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fowó ara wọn ra àkókò, tí wọ́n á tún fẹsẹ̀ wọn rìn kiri láti wá ìpolówó ọjà tí wọ́n máa fi san án. Ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń béèrè kò ju ọ̀kan lọ: ìgbà wo ni èyí máa di iṣẹ́ gidi? Ṣówándé kì í ṣe oníròyìn o. Ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ orin níbi tó bá ti rí i, ó sọ̀rọ̀ nípa orin lórí rédíò, ó sì pẹ́ gan-an kó tó rí ibi kan jókòó sí.

Ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àlùfáà ni bàbá ẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣètò orin ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa. Ọmọ náà lọ sí CMS Grammar School àti King's College, méjèèjì nílùú Èkó. Àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ ọ́n jù ni inú kọ́yà Cathedral Church of Christ ní Marina, lọ́dọ̀ T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ́gàànù ibẹ̀ lọ́dún 1914.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ Phillips yìí, torí pé òun ni gbòǹgbò ohun tí Ṣówándé padà wá dà. Lásìkò yẹn, ohùn orin àwọn òyìnbó ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ohùn orin òyìnbó bá gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wálẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọrin nípa ọkọ̀ lè bá ara ẹ̀ nídìí ọkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ ń kọrin lọ́jọ́ ìsinmi, tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ wọn lẹ́nu. Phillips ní ká jẹ́ kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó ń kọ orin tó bá ìyẹn mu, nígbà tó sì yá, ó kọ ìwé lórí orin Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1953. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ṣówándé ti kọ́ ọ́gàànù, tó ti mọ Bach, tó sì ti gbọ́ orin Yorùbá tuntun tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan náà o. Tó bá ti kúrò ní Marina, jáàsì àti orin ijó ló ń lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin tó ń darí. Ọmọ àlùfáà tó ń tẹ ọ́gàànù láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tó tún ń ṣe òde ijó!

Ó ti ń sún mọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló bá lọ, ìyẹn àwọn tó ń ṣe afárá àti títì. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ìdílé kan nílé láyé ìgbà yẹn. Ọmọ tó bá lọ òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí bọ̀. Èyí tó bá lọ tí kò rí nǹkan kan mú bọ̀, kò ní mọ ojú tó máa fi wo ará ilé.

Ṣùgbọ́n owó ní láti wọlé kéèyàn tó lè kàwé, Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà ò sì rọrùn fún aláwọ̀ dúdú. Onílé á ní yàrá wà, tó bá ti fojú rí i pé ènìyàn dúdú ni, yàrá á tán. Nítorí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, WASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1925, ṣe ṣí ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Camden lọ́dún 1933. Ibì kan ṣoṣo tí àwọ̀ dúdú ti ń pawó ni ilé ijó. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn jáàsì, wọ́n sì gbà pé ẹni dúdú ló mọ̀ ọ́n lù jù. Ẹ̀kọ́ tí Ṣówándé kọ́ lóde ijó l'Ékòó ló wá ń bọ́ ọ.

Lọ́dún 1936, òun ló jókòó sídìí píánò nígbà tí wọ́n ṣe Rhapsody in Blue ti George Gershwin. Ọdún yẹn kan náà ló tẹ píánò nínú Blackbirds, eré àwọn adúláwọ̀ tó gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ó tẹ ọ́gàànù inú tíátà fún BBC. Nígbà tí Adelaide Hall, akọrin ará Amẹ́ríkà, wá fi Lọ́ńdọ̀nù ṣelé, Ṣówándé ló ń bá a tẹ ọ́gàànù, wọ́n sì jọ gba orin sílẹ̀ lọ́dún 1939. Vera Lynn, tí gbogbo sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn nígbà ogun, náà kọrin tí ọ́gàànù Ṣówándé wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ kan níbí, iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó ń san owó oṣù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnjiníà ti wọlẹ̀ sáàárín.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn firilánsà wa fojú sí nìyí. Owó ilé ijó yẹn dùn, ó sì lè gbé èèyàn dé ọjọ́ ogbó. Ọ̀pọ̀ olórin tí wọ́n jọ wà nígbà náà ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Ṣówándé padà lọ jókòó bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó wá àwọn olùkọ́ ọ́gàànù àti orin kíkọ, George Oldroyd, George Cunningham àti Edmund Rubbra, wọ́n ń kọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan. Ogun Hitler ń jà, bọ́ǹbù ti balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ àìmọye, òun ń múra ìdánwò. Lọ́dún 1943 ó di Fellow ní Royal College of Organists, ó sì gba ẹ̀bùn nínú ìdánwò náà. Ó gba oyè B.Mus. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú. Ìwé ẹ̀rí tí ilé ń retí dé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti afárá.

Ìwé ẹ̀rí yìí ṣí ilẹ̀kùn tí jáàsì nìkan ò lè ṣí. Nígbà ogun, wọ́n fi í ṣe olùdámọ̀ràn lórí orin ní Colonial Film Unit, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣe fíìmù fún àwa ọmọ Áfíríkà. Ó tún ń sọ̀rọ̀ lórí BBC nípa orin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti ibi tó lè dé lọ́la. Iṣẹ́ tí àwọn akọ̀ròyìn orin ń ṣe lónìí gan-an nìyẹn: kéèyàn gbọ́ orin, kó mọ ibi tó ti wá, kó wá ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Lọ́dún 1944 ló kọ African Suite, tó fi ohùn orin ilé sẹ́nu fáyólìn àwọn òyìnbó. Kò gbé orin olórin jẹ o, torí pé ohùn orin tó wà nínú apá àkọ́kọ́, Ephraim Amu ti ilẹ̀ Gánà ló ni ín, orúkọ Amu sì wà níbẹ̀. Láti 1945 títí di 1952, òun ni ọ̀gá ọ́gàànù àti kọ́yà ní West London Mission àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ní Kingsway Hall. Ọmọ ogójì ọdún ni nígbà tó dé ibẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò.

Èyí tó kàn wá jù nílé-iṣẹ́ rédíò ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1953. Rédíò tí Èkó ní tẹ́lẹ̀, láti 1935, kò ju àpótí tí wọ́n so wáyà mọ́ lára ògiri, tó ń gbé ohùn BBC wá. Ọdún 1951 ni wọ́n dá Nigerian Broadcasting Service sílẹ̀, èyí tó di NBC lọ́dún 1957. Ilé-iṣẹ́ yẹn ló pe Ṣówándé wálé láti wá ṣe olórí ẹ̀ka orin.

Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tó gbé FRCO dání, ohun táwọn kan á máa retí ni kó fi Bach kún orí afẹ́fẹ́. Ó tẹ Bach lóòótọ́, ní Cathedral tó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ní rédíò, ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo àti onílù ló lọ. Ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì ń fi ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn ṣe ètò lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ ni kò jẹ́ gba ìlù láàyè nínú ilé, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ifá. Ọmọ àlùfáà ló ń gbé ifá sórí afẹ́fẹ́ yìí! Ó fi ohùn orin ilé kọ orin ọ́gàànù náà, bíi Ọ̀yígíyigì àti K'á Múra, tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ kárí ayé.

Àwọn kan bá a wí pé orin òyìnbó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹ̀. Èrò tiẹ̀ ni pé kò yẹ kí wọ́n fi ọgbà yí iṣẹ́ ọnà ká, pé ẹni tó bá mọ ilé ẹ̀ dáadáa lè yá irinṣẹ́ aládùúgbò lò. Lójú tèmi, ó jàre.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ rédíò yẹn lọ́dún 1954 kọ́ ọ́gàànù lọ́dọ̀ ẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé lorúkọ ẹ̀, òun náà di ìlúmọ̀ọ́ká lágbo àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀.

Oyè MBE dé lọ́dún 1956. Nígbà tí Nàìjíríà gbòmìnira lọ́dún 1960, ó kọ Folk Symphony fún ayẹyẹ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣèwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì gba Amẹ́ríkà lọ lọ́dún 1968, ó kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh, ó parí ẹ̀ sí Kent State. Obìnrin tó fẹ́ níbẹ̀, Eleanor McKinney, ará rédíò lòun náà, ó wà lára àwọn tó dá Pacifica Radio sílẹ̀. Ní Ravenna, ìpínlẹ̀ Ohio, ni Ṣówándé kú sí lọ́jọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 1987, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ohio náà ni wọ́n sin ín sí.

Nílé níbí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó gbọ́ orin ẹ̀ lórí rédíò, ti ilé-iṣẹ́ tiwa náà ò yàtọ̀. Ní Kánádà, wọ́n mú apá tó kẹ́yìn nínú African Suite, èyí tó pè ní Akinla, wọ́n fi ṣe orin ìdánimọ̀ ètò kan tó gbajúmọ̀ gan-an lórí rédíò CBC, ètò Gilmour's Albums. Ọdún 1997 ni ètò náà tó dáwọ́ dúró. Ṣówándé ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn.