Adéoyè Lámbò: Oníṣègùn tó mú ẹbí wọ inú ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ

Ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, bí ara ènìyàn kò bá yá, ẹbí kì í fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ìtìjú a máa mú kí àwọn mìíràn fi aláìsàn wọn pamọ́. Ọkùnrin tó fi han ayé pé ẹbí gan-an jẹ́ ara oògùn irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò.

Ìlú Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní oṣù kẹta, ọdún 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, ó sì kọ́ nípa ìtọ́jú ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láyé ìgbà náà, ṣe ni wọ́n ń ti alárùn ọpọlọ mọ́lé, bí irú èyí tí ìjọba àmúnisìn dá sílẹ̀ ní Yábà ní 1907.

Ní 1954, Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò, l'Ábẹ́òkúta, nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ọ parí. Kò torí ìyẹn káwọ́ gbera. Ó bá àwọn ará abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn. Dandan ni kí aláìsàn mú ìbátan kan dání, tí yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó gbà pé ayé ń lé òun, oògùn òyìnbó nìkan kò lè lé ìpayà rẹ̀ lọ.

Àwọn òyìnbó kan ti ń kọ ọ́ nígbà náà pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀ sí tiwọn. Lámbò àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ṣèwádìí láwọn abúlé Ẹ̀gbá. Èsì rẹ̀, tó jáde ní 1963, fi hàn pé irú àìsàn ọpọlọ tó ń ṣe àwọn ará Kánádà náà ló ń ṣe Yorùbá. Ní 1962, ó ti kọ̀wé lórí àníyàn líle tó lè ti ènìyàn sínú ìwà ọ̀daràn.

Ó di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì ṣe igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 sí 1988. Ó jáde láyé ní oṣù kẹta, ọdún 2004.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹbí náà ní tiwọn. Ẹni tó bá fi aláìsàn rẹ̀ pamọ́ sí yàrá ti gba iṣẹ́ méjèèjì lọ́wọ́ wọn.