Sẹ́ríkí Abass ti Àgbádárìgì

Létí ọ̀sà Àgbádárìgì ni àgbàlá oníyàrá 40 kan wà, tí àwọn àlejò ń wọ̀ lónìí láti wo ohun àtijọ́. Ibẹ̀ ni a ti ń há ẹrú mọ́ de ọkọ̀ ojú omi. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Ibojì ẹni tí ó ni àgbàlá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìtàn ìdílé rẹ̀ fi yé wa pé ọmọ Ìjọ́gà Orílẹ̀, ní ilẹ̀ Yewa, ni, àti pé Ifárẹmílẹ́kún ni a sọ ọ́. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì mú un. Abass ni orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á. Williams, tí ó rà á tẹ̀lé e, mú un lọ sí Bùràsíìlì. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ó sì ń jẹ́ títí ó fi kú. Ó gbọ́ èdè òyìnbó lọ́hùn-ún, ó padà wá sílé, ó sì di alágbàtà Williams. Ẹni tí a tà wá ń ta ọmọ ọlọ́mọ.

Ní 1897, a fi í jẹ Sẹ́ríkí Mùsùlùmí; ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olórí agbègbè náà. Ó kú ní 1919.

Àwa kò kọ èyí láti bú òkú. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ hàn wọ́n, kí ẹ sì mú wọn dé ibojì náà.